Bí U Ṣe Di Méjì Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ìkórè àwọn ọmọdé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, àwọn ará ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní gbà fún mi. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n ṣubú lọ́jọ́ náà ló tún gbé mi dìde, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dúpẹ́ fún ti ṣíṣubú yẹn.

Àwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ń di ẹrù wọn bọ̀ wálé nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù á máa gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lọ sí Adó pẹ̀lú ibùsùn, ìkòkò àti adìẹ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga. Bàbá tèmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Katikíìsì ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n sì ti lo ọjọ́ ayé wọn nínú iṣẹ́ Olúwa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo sì lọ láti kékeré títí mo fi jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, a kó wálé. Mo wá ń retí kí ìjọba tuntun gbà mí síṣẹ́ tíṣà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé ni mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu Òṣogbo ni mo gbé wá, mo sì gbé e bí ẹni gbé adé. Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé, ìyá bàbá mi ní kí n bá àwọn mú ugbá wá. Mo ní, “Ìyá àgbà, igbá ni, kì í ṣe ugbá.” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ Òṣogbo, kí n tó bí bàbá rẹ ni mo ti ń fi ugbá mumi. Gbé e wá.” Mo gbé e wá. Ká ní mo fi ọgbọ́n gbé e wá ni, ìtàn yìí ì bá má sí. (Ẹnu ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa síhìn-ín o. Bí mo bá ní kí n kọ ẹnu Ìkẹ́rẹ́ bó ṣe rí gan-an, wọ́n á tún rí nǹkan mìíràn tí wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.)

Pásítọ̀ wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè àfi bí ó bá ń gbàdúrà, ló rí i pé mo jókòó lásán, tó ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ìwé Yorùbá kíkà ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ọ̀nà tuntun ni: ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa kọ a, b, d lórin bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ẹ fi àwòrán síwájú rẹ̀, kí ó pe orúkọ ohun tó rí, kí ó sì fúnra rẹ̀ mú ohùn lẹ́tà jáde látinú orúkọ náà.

Mo ra kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan, mo kọ gbogbo lẹ́tà sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sábẹ́ wọn. Mo ya ajá sábẹ́ a. Mo ya ejò sábẹ́ e, ẹja sábẹ́ ẹ. Mi ò mọ àwòrán yà rárá. Ọmọ kan bi mí lọ́jọ́ kìíní bóyá ejò yẹn ló bí ẹja yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí i, mo ya ilé kan báyìí tó ní ilẹ̀kùn, tó ní fèrèsé, tí òrùlé rẹ̀ dọ́gba. Òun nìkan ni mo fi ń yangàn. Nígbà tí mo dé orí u, mo fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

Ọmọ kan béèrè pé, “Àǹtí, kí ló dé tí eléyìí ò ní nǹkan?”

Mo dúró ṣánṣán, mo dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi: “Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó ń fi u bẹ̀rẹ̀.”

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Àwọn ọmọ tó jẹ uṣu láàárọ̀, tí wọ́n jáde látinú ulé wá, tí unú wọn sì ń dùn. Wọn ò fọhùn. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé pé a kì í bá àgbà jiyàn.

Yàrá tí wọ́n fún wa fara kan ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tiwọn. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí alàgbà kan fi yọrí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Àǹtí, ṣé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn níbí ni, àbí ẹ ń ná ọjà?” Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, mo sọ ẹ̀kọ́ wa di ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Màá fi ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà, màá ní, “Ẹ wo àwòrán. Ẹ pè é sínú. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde nínú yín, òun ni ohùn lẹ́tà yẹn.” Gbogbo wọn á pa ẹnu mọ́, wọ́n á máa mi orí. Èmi náà á máa mi orí. Ẹ̀ ò rí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, bí ilé àwọn ẹni mímọ́.

Mo sì máa ń dán wọn wò. Bí mo bá kọ “ilé” sójú pátákó, wọ́n á nawọ́ sí ilé. Bí mo bá kọ “inú”, wọ́n á di ikùn wọn mú. Bí mo bá kọ “iná”, wọ́n á nawọ́ sí àtùpà. Wọn kì í ṣì í. Mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá Olúwa dìídì kó ìdílé wa padà wálé nítorí kí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lè rí irú mi ni.

Ọmọ tó fọkàn sí i jù nínú wọn ni Bọ́sẹ̀dé. Ó dàgbà ju àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ lọ, nítorí wọ́n ti ní kó tún kíláàsì náà kà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ilẹ̀ níbi tó bá ti dúró, ẹ ó rí i pé ó ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ B sínú iyanrìn. Lọ́jọ́ kan tí ìsìn parí, bàbá rẹ̀ wá bá mi, òun sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àgbẹ̀ oníkòkó ni Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ọkùnrin gíga, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, tí kì í pa ìsìn jẹ.

Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Bí a bá ti ṣe Ìkórè tán, Bọ́sẹ̀dé ń lọ sí Ògòtún.”

“Ṣé kó lọ kí àwọn ẹbí ni, sà?”

“Kó lọ kọ́ ẹní híhun lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni. Wọ́n ní orí rẹ̀ ò gba ìwé nílé ẹ̀kọ́. Mi ò bá a jà. Èmi náà, orí mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dá, ẹ jẹ́ kó lo ọwọ́ rẹ̀.”

Mo wo Bọ́sẹ̀dé. Kò sunkún. Ó kàn fi ẹsẹ̀ nu ohun tó kọ sílẹ̀ rẹ́. Mo ní, “Bàbá, orí ọmọ yín gba ìwé. Ó ń kàwé lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ìkórè ọmọdé, òun ló máa ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Bí kò bá lè kà á, ẹ mú un lọ sí Ògòtún, kí ẹ mú èmi náà mọ́ ọn, a jọ máa hun ẹní ni.”

Wọ́n ní, “Ó dáa. Bó bá kà á, kó máa lọ sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá kà á, ọkọ̀ Ògòtún máa ń tètè gbéra láàárọ̀. Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́ o, Tíṣà. Ẹni tí á máa bá a gé ewé ẹní ni àbúrò mi ń wá.”

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan sọ pé Bọ́sẹ̀dé kàn há ọ̀rọ̀ náà sórí. Nítorí náà, mi ò kọ ọ́ fún un títí di àárọ̀ Ìkórè gan-an. Mo fi ìkánjú kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò tilẹ̀ ráyè fi àmì ohùn sí i. Màámi bi mí bí mo ṣe ń wé gèlè pé, “Ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yẹn rí?”

Mo ní, “Màámi, inú ló ti ń kà á.”

Wọ́n ní, “Inú? Inú ọmọlọ́mọ, ta ló dé ibẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọ bàtà onígìgísẹ̀ mi, mo sì jáde nílé bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

Ilé ìjọsìn kún fọ́fọ́. Wọ́n to iṣu síwájú pèpéle bí òkè, wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó tó pọ́n mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, adìẹ kan sì ń ké nísàlẹ̀ bíi pé òun náà wà nínú ètò. Déjì, ọmọ alàgbà, ló kọ́kọ́ jáde. Ẹsẹ ọ̀rọ̀ tó gùn ni mo fún un, ó sì ka tirẹ̀ láìkọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi gèlè nu ojú. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló rí i pé ìwé tó dì mú dorí kodò. Mo fi ẹ̀rín bò ó. Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e náà ka tiwọn dáadáa, mi ò wo ìwé ọwọ́ wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ó wá kan Bọ́sẹ̀dé. Ó wọ aṣọ ìsìn rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ títí tó ń dán. Bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti àga lápá ọ̀tún, wọ́n ká apá wọn pọ̀ sórí àyà. Ọmọ náà gbé ìwé sókè, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sókè ketekete:

“Ẹ̀yun ará, ẹ káàbọ̀. Èmu nu Bọ́sẹ̀dé.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé ẹnu Ìkẹ́rẹ́ ni. Ó tún ń bá a lọ:

“Bàbá mu ló bú mu.”

Ohun tí mo kọ ni “Bàbá mi ló bí mi.” Kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́, Bàbá Bọ́sẹ̀dé ti dìde dúró. “Bọ́sẹ̀dé! Ìgbà wo ni mo bú ọ?”

Ọmọ náà ní, “Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, Bàbá.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Àǹtí ni.”

Gbogbo ojú tó wà nílé ìjọsìn yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá náà ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé mo bú ọmọ mi?” Pásítọ̀ wa, olùfẹ́ àlàáfíà, ló bá gbọ́wọ́ sókè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa kà á lọ. Ibi tó dára wà níwájú.”

Ọlọ́run mọ̀ pé ká ní Pásítọ̀ mọ ohun tó wà níwájú ni, wọn ì bá ní kí ọmọ náà jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé nígbà tí ara bàbá Bọ́sẹ̀dé kò yá, Pásítọ̀ wá sí ilé wọn, ó sì gbàdúrà. Bọ́sẹ̀dé fi ìka tẹ̀ lé e lẹ́tà lẹ́tà, kò fo ọ̀kankan:

“Nugbà tu ara bàbá mu kò yá, Pásútọ̀ wá su ulé wa…”

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, bó ṣe jáde ni mo ń sọ. Pásítọ̀ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Èmi?” Kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn, ọmọ náà ti dé ìlà tó kàn:

“…ó su, gbàdúrà.”

Ibẹ̀ ni ilé wó. Àwọn ìyá ń lu ara wọn léjìká. Olórí akọrin wọ abẹ́ àga. Bàbá kan tó ti ń sùn láti ìgbà ìwàásù jí, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn pé, “Kí ni Pásítọ̀ ṣe? Kí ni wọ́n ṣe?” Bọ́sẹ̀dé dúró sáàárín gbogbo rẹ̀, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ìka kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kàn. Mo wo bàbá rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọmọ náà bí ẹni tó ti ń ronú nípa ọkọ̀ Ògòtún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀yìn òkìtì iṣu pé, “I! I! I!” Kò gbọ́ ọ yé. Ìyá ìjọ kan ló gbọ́ ọ, tó kígbe pé, “Ẹ gbé omi wá fún Àǹtí o, unú ló ń run ún!” Wọ́n fi ife omi lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí n ti ife náà sẹ́yìn, kí n sún mọ́ ọmọ náà, gìgísẹ̀ bàtà mi sì há sáàárín iṣu méjì.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣu ṣáájú mi dé ibẹ̀. Òkìtì Ìkórè wó lulẹ̀, iṣu ń yí lọ sí àárín ìjọ, adìẹ já okùn rẹ̀, ó gba orí pèpéle kọjá. Gbogbo ọmọdé tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo pé, “Uṣu! Ẹ mú uṣu! Uṣu ń lọ o!”

Ibi tí mo jókòó sí lórí ilẹ̀ yẹn, tí gèlè mi bo ojú kan, ni ìmọ́lẹ̀ ti dé. Uṣu. Unú. Ulé. Mo rántí ilé rírẹwà tí mo yà sábẹ́ i. Mo rántí gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń sọ pé, “Ẹ pè é sínú.” Wọ́n pè é sínú lóòótọ́! Inú ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n sì pè é sí.

Mo nawọ́ sí Bọ́sẹ̀dé láti ilẹ̀. “Wá, ọmọ mi. Lẹ́tà yìí, èyí tó ní àmì róbótó kékeré lórí, kí ni mo yà sábẹ́ rẹ̀?”

Ó nu imú rẹ̀. “Ulé ni, Àǹtí.”

“Ohùn wo ló wá ní?”

“U.”

“Èyí tí mi ò ya nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Òun náà, u ni. Ó wà nínú Jésù.”

“Kò sì yà ọ́ lẹ́nu pé u jẹ́ méjì?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi. “Ṣebí e náà jẹ́ méjì, Àǹtí. O jẹ́ méjì. S jẹ́ méjì.”

Òótọ́ ni. Mo ní, “I ńkọ́? Nígbà tí o ò rí i, kí lo rò?”

Ó ní, “Mo rò pé ẹ ò tíì kọ́ wa débẹ̀ ni.”

Ẹ̀rín mìíràn sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n ń rín, ó sì tọ́ sí mi. Mo ní, “Bọ́sẹ̀dé, èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe ìwọ. Ulé nílé, ilé nínú ìwé. I ni lẹ́tà yẹn.”

“Ṣé níbi gbogbo tó bá wà?”

“Níbi gbogbo tó bá wà.”

Ó gbé ìwé náà, ó wò ó títí, ètè rẹ̀ ń mì. Iṣu kan ṣì ń yí lọ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ará, ẹ káàbọ̀. Èmi ni Bọ́sẹ̀dé. Bàbá mi ló bí mi.” Ó wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó sì kà á dópin. Pásítọ̀ wá sí ilé wọn, ó sì gbàdúrà, kò ṣe nǹkan mìíràn. Mo gbọ́ tí Pásítọ̀ mí kanlẹ̀.

Ìjọ fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Bọ́sẹ̀dé gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ dúró ná. Tíṣà ló kọ ọ́, Tíṣà ló sì tún ọ̀rọ̀ ṣe fún un. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni?” Wọ́n wò yíká bí ẹni tó ń wá nǹkan. Wọ́n wá yíjú padà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tí àwọn fúnra wọn jókòó sí, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀yìn ti nǹkan yìí. Tíṣà kọ́ ló kọ ọ́. Bọ́sẹ̀dé, wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.”

Mo rí i tí olórí akọrin yíjú sí ògiri. Àwọn ìyá kan dorí kodò. Nǹkan kan wà nínú ìjọ náà tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ.

Bọ́sẹ̀dé fo iṣu kọjá, ó dé ibẹ̀, ó sì fi ìka lé e. “Ẹ jọ̀wọ́… ẹ má… jókòó… síbí. Ti… àwọn… akọrin… ni.”

Adìẹ nìkan ló ń rìn káàkiri nílé ìjọsìn.

Bàbá rẹ̀ ní, “Tún un kà.”

Ó tún un kà, kò kọsẹ̀ rárá.

“Olórí akọrin, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́ o, sà.”

“Ẹ sì ń wò mí lórí ẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi?”

Olórí akọrin wolẹ̀, ó ní, “Àgbà ni yín, sà. A rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Bàbá Bọ́sẹ̀dé mú fìlà wọn kúrò lórí àga. Wọ́n gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ líle yẹn lé ọmọ náà lórí. Wọ́n ní, “Ọkọ̀ Ògòtún lè máa lọ. Ọmọ yìí ò sí nínú rẹ̀.” Wọ́n wá wo àárín ìjọ. “Ẹ bá mi wá ibòmíràn tí mo lè jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Bọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ kà á kí n tó jókòó.”

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, bóyá bàbá náà fúnra wọn ni. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di orin ọpẹ́, àwọn akọrin sì jókòó sí àyè wọn lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ìjọ wa. Èmi ò rí bàtà mi kan títí wọ́n fi to iṣu padà.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń gbé pátákó kalẹ̀ fún àwọn ọmọ, mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Bọ́sẹ̀dé lórí àga kékeré àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Bàbá, ṣé Bọ́sẹ̀dé lẹ wá wò?”

Wọ́n ní, “Rárá, Tíṣà. Ohun tí mo ti jókòó lé láyé yìí pọ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tó kù.”

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ọmọ tó ṣìṣe sókè ketekete lójú gbogbo ayé ni ọmọ tó ń kàwé lóòótọ́, nítorí ohun tó rí ló pè. Àwọn tí kò ṣìṣe rárá, tí wọ́n kàn há tiwọn sórí, ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tí mo kọ́ tí mi ò kọ́kọ́ ní kó sọ ọ́ síta kí n gbọ́, kí n tó sọ tèmi. Èmi tí mo gbé ẹnu Òṣogbo wá láti wá la ojú Ìkẹ́rẹ́, Ọlọ́run mú mi jókòó sílẹ̀ láàárín uṣu ni, ó ní kí n tẹ́tí. Mo tẹ́tí. Bí mo bá rántí báyìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, màá sì máa wo ẹ̀yìn àga tí mo bá fẹ́ jókòó sí, kí n tó jókòó.